ÀJÀYÍ, ẸNI TÍ Ó FI ÌWÉ DÁ ÌWÉ LÓHÙN
Ìtàn Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther

  

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ó yẹ kí á ya ojú ewé díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti ṣíwájú wa lọ. Ẹni tí a mú lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe Aládùúrà. Kò gbé ìgbà tí ìjọ Aládùúrà bẹ̀rẹ̀ rárá. Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà ni, ó sì ti sùn láti ọdún 1891. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló wá kàn wá níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ kedere, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó wà láàrin ara wa ni.

Àwa Aládùúrà, àdúrà la fi ń gbé. A ń gbààwẹ̀, a ń ríran, a ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, ojú kò sì tì wá. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ti sọ ọ́ di àṣà láti máa sọ pé ẹni tí Ẹ̀mí Mímọ́ bá ń bá sọ̀rọ̀ kò tún nílò ìwé mọ́. Àwọn ọmọ wa ẹ̀wẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń mú ìwé wọlé: ìwé tí ó ń bá ìgbàgbọ́ wa jà, ìwé ìṣèlú, ìwé ẹ̀sìn ẹlòmíràn, ìwé tí ó ní kò sí Ọlọ́run. Kí la wá ń ṣe sí i? Bàbá á já a gbà, á sọ ọ́ síná. Ìyá á bú sẹ́kún, á gbé ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ọmọ á lọ yá òmíràn, á máa kà á ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ará, ṣé ìyẹn ni ìdáhùn? Ìdí rèé tí a fi pe Àjàyí wá jẹ́rìí.

ỌMỌ ÒṢÓÒGÙN

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní ìlú Òṣóògùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, níhà Ìṣẹ́yìn. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí. Ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ nígbà tí ó wáyé là ń pè bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwé nílé wọn, kò sí ní àdúgbò wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí oúnjẹ àárọ̀ ṣì wà lórí iná, ajagun ya bo ìlú. Fúlàní wà nínú wọn, Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́ wà nínú wọn, àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn náà sì wà níbẹ̀. Bàbá Àjàyí sáré wálé láti ní kí wọ́n tètè sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò fojú kàn án mọ́ láéláé. Wọ́n mú òun àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn bí ẹran.

Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń ta ọmọ yìí. Wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin nígbà kan. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ padà, wọ́n gba ẹṣin wọn. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìbànújẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbìyànjú lóru láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò jẹ́. Níkẹyìn ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí ní Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú àwọn ẹrú yòókù. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣọ́ òkun nítorí òwò ẹrú mú ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí ṣe di òmìnira.

KÁÀDÌ EÉPÌNNÌ

Ìtàn tí a ń sọ nípa ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dé ilé ẹ̀kọ́ dùn púpọ̀. Wọ́n ní ó tọrọ eépìnnì kan, ìyẹn ààbọ̀ kọ́bọ̀ ayé àtijọ́, lọ́wọ́ ará ìlú rẹ̀ kan, ó sì fi ra káàdì álífábẹ́ẹ̀tì ti ara rẹ̀. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni wá rà á fún un. Láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọmọ tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin ti ń ka Májẹ̀mú Titun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní 1826 wọ́n mú un lọ sí London, ó sì lo oṣù díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ní Islington. Nígbà tí ó padà, tí a dá ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay sílẹ̀ ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ó fẹ́ Asano, tí a wá ń pè ní Susan, ó sì di tíṣà.

Ní 1837, ó kọ lẹ́tà gígùn kan sí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní ilé iṣẹ́ C.M.S. ní London. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ bí wọ́n ṣe kó Òṣóògùn, bí wọ́n ṣe tà á, àti bí ó ṣe rí ìgbàlà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn ènìyàn sì kà á. Ẹ rántí pé ní ayé ìgbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílẹ̀ òyìnbó ń kọ ìwé pé aláwọ̀ dúdú kò ní ọpọlọ tí ó lè gba ẹ̀kọ́. Àjàyí kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó mú kálàmù, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ ní èdè wọn, kí ẹni tí ó bá lójú kà á.

Ó YÁ, KÍ YORÙBÁ NÁÀ NÍ ÌWÉ

Ní 1841 ó bá àwọn òyìnbó lọ sí odò Ọya, òun pẹ̀lú Ẹni Ọ̀wọ̀ J. F. Schön. Ọ̀pọ̀ òyìnbó inú ọkọ̀ náà ni ibà pa. Ìwé ìròyìn tí ó kọ nípa ìrìn àjò yìí wú àwọn àgbà C.M.S. lórí, wọ́n pè é sí London, a sì fi í joyè àlùfáà ní 1843. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ti ń gbé. Ẹ wo bí inú wọn yóò ti dùn tó! Àwọn tí ó rò pé èdè ìyá wọn ti sọnù sí òkun wá gbọ́ ọ lórí pẹpẹ ìwàásù.

Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ó débẹ̀ tí wọ́n fi rí Àfálà, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti yà wọ́n. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò lè gbàgbé rẹ̀: ìyá àti ọmọ dì mọ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu, omijé ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848, ó sì gba orúkọ Hannah. Ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì náà ńkọ́? Hánà ni.

Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì kò sinmi. Kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é. Àwọn bíi Ẹni Ọ̀wọ̀ Thomas King ràn án lọ́wọ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Àjàyí gbà ṣe é ni kí á kíyè sí. Kò jókòó sínú yàrá kan kí ó máa yí Gẹ̀ẹ́sì padà. Ó ń lọ bá àwọn àgbà, ó ń tẹ́tí sí wọn, ó ń kọ òwe wọn sílẹ̀, ó ń wádìí ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀, ìbáà ṣe onígbàgbọ́, ìbáà ṣe abọ̀rìṣà. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Ní 1852 ìwé rẹ̀ lórí gírámà Yorùbá tẹ̀ lé e, òwe sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀. Àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti kọ fún ọdún 11 gbáko jóná, pẹ̀lú apá kan nínú ìtumọ̀ tí ó ti ṣe. Ẹni tí ó bá ti kọ lẹ́tà ojú ewé méjì kan sọnù rí yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó banújẹ́ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÈLÚ NÍWÁJÚ ỌBABÌNRIN

Àwọn kan ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ìlú. Àjàyí dá sí i. Ní 1851 ó wà ní London, ó ń bá àwọn aláṣẹ ìjọba sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú tí ó ṣì ń lọ ní Èkó àti ewu tí ó wu Abẹ́òkúta. Ó dé ààfin Windsor, níwájú Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀, Albert. Wọ́n ní kí ó ka Àdúrà Olúwa ní èdè rẹ̀, ó sì kà á. Inú Ọbabìnrin dùn sí bí èdè náà ṣe dùn létí.

Ní òpin ọdún yẹn kan náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò. Ọdún 1861 kò sì kọjá tí Gẹ̀ẹ́sì fi gba Èkó pátápátá. Títí di òní làwọn òpìtàn ń jiyàn lórí èyí. Àwọn kan ní ẹni tí ó ti jẹ ẹrú rí kò lè dákẹ́ lórí òwò ẹrú. Àwọn kan ní ilẹ̀kùn tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ni ìjọba òyìnbó gbà wọlé. A kò ní pa ìyẹn mọ́ fún yín nítorí pé a ń yìn ín. Ẹni tí ó bá dá sí ọ̀rọ̀ ìlú, kì í ṣe gbogbo ohun tí yóò ti ibẹ̀ jáde ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn mọ́ni pé Herbert Macaulay, tí ó wá dojú kọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó nígbà tí ó yá, ọmọ ọmọ Àjàyí ni, ọmọ Abigail ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Canterbury, a fi Àjàyí joyè Bíṣọ́ọ̀bù. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ Bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà.

NÍWÁJÚ ÀWỌN MÙSÙLÙMÍ

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá jù. A ti sọ pé Mùsùlùmí wà lára àwọn tí ó kó Àjàyí lẹ́rú. Bí ẹnìkan bá ní ìdí láti kórìíra wọn àti ìwé wọn, òun ni. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ tíṣà ọ̀dọ́ ní Sàró, ó bá wọn jiyàn, ó sì rí i pé ariyànjiyàn kò mú èso kankan wá. Ọ̀tá nìkan ni ó ń dá sílẹ̀.

Nígbà tí ó dàgbà, ó yí ọ̀nà padà. Ó fara balẹ̀ mọ ohun tí Kùránì sọ. Ó mọ ohun tí wọ́n gbà nípa Ànábì Ísà, nípa Màríyámù ìyá rẹ̀ àti nípa málékà Jibrílù. Ní 1872 ó wà ní ààfin Ẹ́míà Ìlọrin, níwájú àwọn àáfà. Wọ́n bi í ní ìbéèrè lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò bú wòlíì wọn. Kò fi ìwé wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣí ìwé Ọlọ́run tí a ti túmọ̀ sí Yorùbá, ó sì ń kà á fún wọn ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́, títí kan ibi tí málékà kan náà, Gébúrẹ́lì, ti wá sọ́dọ̀ Màríà. Wọ́n tẹ́tí sí i. Wọn kò tìtorí rẹ̀ di Kristẹni lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, òun náà sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ó jáde ní àlàáfíà.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí á bi yín ní nǹkan kan. Níbo ni a ti rí ọ̀rọ̀ náà àdúrà? Láti inú èdè Lárúbáwá ni, ó gba ọ̀dọ̀ Haúsá wá, ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá sì ti kọ́ ọ. Wòlíì ńkọ́? Ọ̀dọ̀ wọn ni. Wàásù ńkọ́? Ọ̀dọ̀ wọn ni. Àlùfáà náà, ọ̀dọ̀ wọn ni. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn kí Bíbélì Yorùbá tó dé. Àjàyí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀tá ni wọ́n, kí wọ́n jù wọ́n nù. Wọ́n gbà wọ́n, wọ́n sì fi wọ́n sínú Bíbélì. Ẹ ò rí nǹkan! Orúkọ tí a kọ sí ẹnu ọ̀nà ìjọ wa, Aládùúrà, èso ẹni tí ó fetí sí ọmọnìkejì rẹ̀ ni. Ká ní ìkórìíra ló fi ń kàwé ni, orúkọ mìíràn là bá máa jẹ́.

Ní 1875 ó ṣe alága ìpàdé kan ní Èkó tí ó fi ìdí ọ̀nà ìkọ̀wé Yorùbá múlẹ̀. Ní 1884, Bíbélì Yorùbá lódindi jáde. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kò lábùkù. Orúkọ tí wọ́n fún ẹni burúkú nínú rẹ̀, Èṣù, ń fa àríyànjiyàn láàrin àwọn onímọ̀ títí di òní, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ní Èṣù tí àwọn baba wa mọ̀ kì í ṣe Sátánì inú Bíbélì. Kò sí ohun tí ó burú nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bí òun náà ti bi ìwé àwọn ẹlòmíràn léèrè ọ̀rọ̀ nìyẹn, a lè bi ti òun náà.

OJÚ ALẸ́ RẸ̀

Ó ṣeni láàánú pé kì í ṣe ìyìn ló kẹ́yìn rẹ̀ láyé. Ní 1890, àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé odò Ọya, tí ọjọ́ orí wọn kò tó ìdajì tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní ìpàdé kan ní Onitsha ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, títí kan Dandeson ọmọ rẹ̀, tí í ṣe Aṣíwájú àwọn àlùfáà ní ẹkùn náà. Bàbá arúgbó tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún dìde, ó fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn onígbàgbọ́ Èkó dé ọkàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1891, àwọn kan dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ ní Èkó, United Native African Church, tí òyìnbó kò ní àṣẹ lé lórí. Àjàyí kò kúrò nínú ìjọ tirẹ̀. Àrùn ẹ̀gbà ti kọ lù ú nígbà náà, ó sì sùn ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó di ọdún 2014, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Canterbury kan náà níbi tí a ti fi í joyè ní 150 ọdún sẹ́yìn, kí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby tó dìde ní gbangba láti tọrọ àforíjì fún ìwà tí ìjọ hù sí i. Òtítọ́ lè pẹ́ lọ́nà, ṣùgbọ́n yóò délé.

KÍ LA RÍ KỌ́?

A kò kọ ìtàn yìí kí á lè fi ìwé rọ́pò Ẹ̀mí. Kí á má rí i! Ṣùgbọ́n ìwẹ̀fà ará Etiópíà tí Fílípì pàdé, ìwé ló ń kà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà tí Ẹ̀mí ní kí Fílípì lọ bá a. Àwọn ará Bèréà náà gbọ́ ìwàásù Pọ́ọ̀lù tán, wọ́n tún lọ wo inú ìwé bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí, a kò sì bá wọn wí. Ńṣe ni a yìn wọ́n. Ìran tí a rí, inú Bíbélì la ó ti dán an wò. Ẹni tí kò sì ka Bíbélì, kí ni yóò fi dán an wò?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú ìwé àjèjì wọlé, ẹ má tètè wá ìṣáná. Ẹ jókòó tì í. Ẹ ní kí ó kà á sókè, kí ẹ̀yin náà gbọ́. Ẹ béèrè ohun tí ó gbà níbẹ̀ àti ohun tí kò gbà, kí ẹ sì ṣí Bíbélì yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn lọ́jọ́ náà, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ lọ wádìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ìwé kan ṣoṣo ṣe ọba lórí ọgbọ́n yín, ẹ má sì fi ohun tí ẹ kà bú àwọn àgbà tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀yin wòlíì wa, ìwé kì í ṣe ọ̀tá ìran. Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà wòlíì sínú Bíbélì yín, káàdì eépìnnì ló fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, tí ẹ kúnlẹ̀, tí ẹ sì ṣí Bíbélì Yorùbá yín, ẹ rántí ọmọ Òṣóògùn tí wọ́n dá padà nítorí ẹṣin. Kí Ọlọ́run tí ó kọ́ ọ ní ìwé kọ́ àwa náà ní ìwé, kí ó sì fún wa ní ìrẹ̀lẹ̀ tí a ó fi máa dáhùn. Kí ó dá ẹ̀mí gbogbo wa sí di àjọ̀dún tí ń bọ̀.

Àmín, ní orúkọ Jésù.